Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Iṣẹ́ Mi Tí N Kì Í Sọ Nínú Íńtáfíù

Kò sí íńtáfíù tí mo lọ rí tí wọn ò ti ní kí n "sọ díẹ̀ nípa ara yín." Mo ti há ìdáhùn ẹ̀ sórí báyìí. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú méjì, ó dùn ún gbọ́, kò sì sí irọ́ nínú ẹ̀. Mo kàwé ẹnjiníà, mo ṣiṣẹ́ ní fákítìrì, ibẹ̀ ni mo ti rí ìṣòro kan, mo lọ sí startup, ilé iṣẹ́ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó ń yanjú ìṣòro yẹn, mo wá fẹ́ mọ sọ́fítíwíà dáadáa, mo lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n fi mí ṣe máníjà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi dá tiwa sílẹ̀, mo padà sídìí kóòdù. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ẹ máa rò pé mo ti jókòó lọ́jọ́ kan, mo ya gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, mo wá ń tẹ̀ lé e ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Púpọ̀ nínú ibi tí mo ti yà, èmi kọ́ ni mo ní kí n yà. Owó tán nílé iṣẹ́ ni, àbí ẹnì kan tí n ò fojú rí rí ló pinnu pé ẹ̀ka tiwa ò pọn dandan mọ́, àbí báńkì ńlá kan tó jìnnà réré sí mi gbé owó èlé sókè. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, mo gbà fún wọn, àmọ́ wọn ò sọ fún wa pé nígbà míì wọ́n á dí ọ̀nà tó o wà lórí ẹ̀ mọ́ ẹ lójú, wàá sì ti bá ara ẹ lójú ọ̀nà mìíràn kó o tó mọ̀ pé wọ́n ti dí ti àkọ́kọ́. Ohun kejì tí íńtáfíù kì í gbà kí n sọ ni pé, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí síbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun kọ́ ló wúlò fún mi jù níbẹ̀. Nǹkan míì tí n ò kọ sínú CV ló máa ń wúlò. Ó gùn o, ẹ jókòó dáadáa.

Fákítìrì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kọ́ńtíróòlù ni wọ́n gbà mí fún, kí n máa bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń sọ fún mọ́tò ìgbà tó máa yí àti ìgbà tó máa dúró, tó ń ṣí fáàfù tó tún ń tì í. PLC là ń pè é. Ó ti wà tipẹ́, ọdún 1968 ni Dick Morley kọ èrò náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni wọ́n ń pè ní Modicon 084, torí pé òun ni iṣẹ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin tí ilé iṣẹ́ wọn gbà. Kó tó dé, tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bá fẹ́ yí ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe padà, wáyà àti riléè tó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa tú palẹ̀ tí wọ́n á tún un so látìbẹ̀rẹ̀. PLC ní kóòdù nìkan ni kẹ́ ẹ yí. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ladder logic, wọ́n dìídì ṣe é kó jọ àwòrán wáyà tí àwọn oníná ti mọ̀ ọ́n kà tẹ́lẹ̀, kó má di pé ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn bọ̀ látọdún gbọọrọ wá dà bí ọmọ kékeré lójú ẹ̀rọ tuntun. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ tẹ́ni tó ṣe sọ́fítíwíà ń fi àwọn oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n lò, inú máa ń bí mi díẹ̀.

Ọ̀gá kan wà ní fákítìrì yẹn. Technician ni, kò lọ kàwé ẹnjiníà, àmọ́ kò sẹ́ni tí kì í pè é lọ́gàá, tó fi mọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí owó oṣù ẹ̀. Lọ́jọ́ kan a dúró ti mọ́tò kan tó ń fa pọ́ǹpù, ojú kọ̀ǹpútà mi ní kò sí nǹkan tó ṣe é, iná tó ń fà ò pọ̀ jù, kò gbóná, gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Ọ̀gá yọ sukurudíráfà gígùn kan nínú àpò, ó fi ẹnu irin ẹ̀ kan ìdérí bíárìn, òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú ẹ̀, ó fi ìdí onígi ẹ̀ ti etí, ó dijú. Ó pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá nà án sí mi, ó ní, "Gbọ́ ọ." Mo fi sétí, ariwo lásán ni mo gbọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò gbọ́ nǹkan kan o." Ó ní, "Nǹkan kan ń kọ tí-tí-tí lábẹ́ ariwo yẹn. Tọ́ ọ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, o ò ní lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ọ mọ́." Nígbà tí wọ́n tú bíárìn náà, ojú irin tí àwọn bọ́ọ̀lù ẹ̀ ń yí lórí ẹ̀ ti hó níbì kan, ibi tó hó náà ò ju èékánná lọ. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kó kú fúnra ẹ̀, ọ̀pá mọ́tò náà ni ì bá bà jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun tí ọ̀gá ń gbọ́ yẹn ní ìṣirò tiẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù kan bá gba orí ibi tó hó kọjá, ó máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka iye bọ́ọ̀lù tó wà nínú bíárìn, ẹ fi ìyí mọ́tò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ tún wá fi 0.4 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí iye ìgbà tó ń kọ ọ́ tó bá jẹ́ pé ara òrùka ìta ló ti hó. Kì í ṣe gẹ́lẹ́, àmọ́ ó máa ń sún mọ́ ọn. Mọ́tò tó ń yí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ bá jẹ́ 9, ìgbà 90 ló máa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀gá ò ṣe ìṣirò kankan, etí ẹ̀ ló ń bá a ṣe é.

Ẹ wá wò ó. Nínú íńtáfíù, ibí ni mo ti máa ń sọ pé "mo rí ìṣòro náà, mo sì wá àwọn tó ń yanjú ẹ̀ lọ." Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ilé iṣẹ́ fẹ́ dín èèyàn kù, àwa tá a dé kẹ́yìn la sì máa kọ́kọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé àwọn kan ń wá ẹni tó mọ̀ nípa mọ́tò, wọ́n fẹ́ ṣe sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tó máa lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, tó máa gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń fi sukurudíráfà gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo sì lọ.

Startup tó ń ṣe hádíwíà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ìyà ni. Ẹni tó ń ṣe sọ́fítíwíà, tó bá rí àléébù láàárọ̀, ó lè ti tún un ṣe kó tó di ọ̀sán. Àwa, tá a bá rí àléébù lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ wà lórí ẹ̀, a máa tún un yà, a máa rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, a máa dúró de kó padà dé, ká tó wá rí i pé àléébù kejì wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ò ní tà á fún yín ní ẹyọ kan ẹyọ kan tẹ́ ẹ bá fẹ́ kówó ẹ̀ wálẹ̀, ẹ máa ra ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì máa sanwó ẹ̀ kí oníbàárà kankan tó san kọ́bọ̀ fún yín. Torí pé ó ń lo rédíò, ẹ tún máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò, FCC fún Amẹ́ríkà, CE fún Yúróòpù. Gbogbo ìyẹn owó, kò sì tíì sí nǹkan kan lórí àtẹ.

Iṣẹ́ tèmi ni kóòdù tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ gan-an, firmware. Bátìrì kékeré ló ń gbé e, ó sì gbọ́dọ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún. Kéèyàn tó lè gbọ́ bíárìn dáadáa, ó ní láti wọn gbígbọ̀n ara ẹ̀rọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, rédíò ló sì ń jẹ bátìrì ju gbogbo nǹkan lọ, torí náà a ò lè fi gbogbo ohun tó gbọ́ ránṣẹ́, inú ẹ̀ níbẹ̀ la ti máa ṣe ìṣirò, ká wá fi àkópọ̀ ẹ̀ nìkan ránṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo kọ́ láti máa bẹ̀rù nọ́ńbà. Nọ́ńbà oníbíìtì 16, ìyẹn èyí tí àyè tí kọ̀ǹpútà fún un ò tóbi, tó lè wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ òdo, 32,767 ni òpin ẹ̀ lókè, tó bá ti kọjá ibẹ̀ nǹkan yíwọ́. Ẹnjiníà àgbà tó wà níbẹ̀ ní kí n lọ ka ìròyìn ìwádìí nípa Ariane 5, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Yúróòpù tó bú gbàmù ní June 4, 1996, kò tíì lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ látìgbà tó gbéra. Wọ́n gbé kóòdù kan wá láti ara Ariane 4, tí kò ní ìṣòro kankan níbẹ̀. Ariane 5 yára ju ìyẹn lọ, nọ́ńbà kan tó ń sọ nípa eré tó ń sá wá tóbi ju ohun tí àyè oníbíìtì 16 lè gbà lọ, kọ̀ǹpútà tó ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì dojú kọ bá kú, èyí tí wọ́n fi ṣe ìrọ́pò ẹ̀ náà kú torí kóòdù kan náà ló wà nínú ẹ̀. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí kóòdù yẹn ń ṣe, Ariane 5 ò tiẹ̀ nílò ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tó ti gbéra. Kóòdù tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa níbì kan, tẹ́nì kankan ò béèrè pé ibí tá à ń gbé e wá yìí, ṣé bákan náà ló rí.

Mi ò gbàgbé ìyẹn mọ́, mo sì ti rí i pé kì í ṣe kóòdù nìkan ló ń bá wí. Èèyàn náà máa ń gbé ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ níbì kan lọ síbòmíì láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Startup yẹn kú. Sẹ́ńsọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ o, ó ń gbọ́ bíárìn. Owó ló tán. Ẹni tó bá rò pé ohun tó dára kì í kú, kó lọ wo Pebble, àwọn tó ṣe aago ọwọ́. Lọ́dún 2012 wọ́n ní kí aráyé bá àwọn dá 100,000 dọ́là lórí Kickstarter, ìkànnì tí aráyé ti ń dáwó fún iṣẹ́ tuntun, aráyé dá lé ní 10 mílíọ̀nù fún wọn. Aago náà dáa, àwọn tó ní in fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Nígbà tó fi máa di December 2016, wọ́n ti palẹ̀ mọ́, Fitbit, ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe irú aago bẹ́ẹ̀, ló ra ohun tó ṣẹ́ kù nínú sọ́fítíwíà wọn, Google wá ra Fitbit.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó wàyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ kó ṣe kedere. Tí startup bá gbà yín, wọ́n máa ní owó oṣù ò pọ̀ ṣùgbọ́n ẹ máa ní ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé ọdún mẹ́rin lẹ máa fi gba gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì kúrò kí ọdún àkọ́kọ́ tó pé, ẹ ò ní gba nǹkan kan. Ìyẹn ò burú, ẹ̀yin náà rí i kà nínú ìwé. Èyí tí ẹ ò ní rí kà nínú ìwé tí wọ́n fún yín ni àdéhùn tí wọ́n bá àwọn tó fowó sílẹ̀ ṣe, pé táwọn bá ta ilé iṣẹ́, àwọn olówó ló máa kọ́kọ́ gba owó wọn padà kẹ́nì kankan tó gba nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà ṣe é. Ká ní àwọn olówó fi 8 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀, wọ́n ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́, ẹ̀yin ní ìdajì ìdá kan. Wọ́n wá ta ilé iṣẹ́ ní 9 mílíọ̀nù. Lójú ẹni tí ò mọ̀, ìdajì ìdá kan nínú 9 mílíọ̀nù, 45,000 dọ́là nìyẹn, ẹ ti ń ronú ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe. Àmọ́ àwọn olówó máa wò ó pé táwọn bá gba ìdá 40, 3.6 mílíọ̀nù ni, táwọn bá gba owó àwọn padà, 8 mílíọ̀nù ni. Èwo lẹ rò pé wọ́n máa mú? Ó wá ku mílíọ̀nù kan fún gbogbo ẹni tó kù, tí ìpín wọn jẹ́ 60, tiyín nínú ẹ̀ máa wá jẹ́ nǹkan bí 8,300. Tí wọ́n bá tà á ní 7 mílíọ̀nù, òdo. Ìwé ìròyìn máa gbé e pé wọ́n ra startup yín o, àwọn ará ilé á máa kí yín kú oríire.

N ò sọ pé kẹ́ni kẹ́ni má lọ o. Èmi náà tún lọ lẹ́yìn náà. Mo kàn ń sọ pé ìṣirò ló jẹ́, kì í ṣe àdúrà.

Ilé iṣẹ́ ńlá tí mo wá bọ́ sí, mo máa ń sọ pé mo lọ síbẹ̀ torí mo fẹ́ mọ sọ́fítíwíà tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ló ń gbani síṣẹ́ nígbà yẹn ni, ó sì yẹ kí n sanwó ilé. Wọ́n gbà mí torí firmware. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa firmware mọ́ látọjọ́ tí mo wọlé. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni dátábéèsì ńlá kan, ibi tí wọ́n ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sí, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń mumi nínú ẹ̀, tí ò gbọ́dọ̀ dúró, tá a sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe bó ṣe ń sáré lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ẹ má bínú sí mi, kò sí òwe míì tó bá a mu tó yẹn. Ẹ máa kọ́kọ́ fi àyè tuntun kún un láìfọwọ́ kan ti àtijọ́, ẹ máa kọ sínú méjèèjì pọ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ máa kó ohun àtijọ́ wá díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi wọ́n wéra, ẹ máa wá ní kí kóòdù máa ka tuntun, ìgbà tó bá ti pẹ́ tẹ́nì kankan ò pariwo lẹ máa tó yọ ti àtijọ́ kúrò. Ó rọrùn fún mi ju bó ṣe rọrùn fáwọn tá a jọ dé lọ, torí pé ní fákítìrì, èèyàn kì í dédé dá ẹ̀rọ dúró, owó tó máa sọ nù ní wákàtí kan péré máa ju owó oṣù ẹ lọ. Ìyẹn ò sí nínú CV mi.

Wọ́n wá fi mí ṣe máníjà. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Nínú iṣẹ́ kọ́ńtíróòlù, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ PID, òun ni wọ́n fi ń mú kí ooru tàbí ìfúnpá tàbí eré mọ́tò dúró síbi tá a fẹ́. Ó ń wo nǹkan mẹ́ta: báwo la ṣe jìnnà tó síbi tá à ń lọ báyìí, báwo ni ìjìnnà yẹn ṣe ń kóra jọ látẹ̀yìn wá, báwo ló sì ṣe ń yára yí padà. Èyí tó ń kóra jọ yẹn ló ń fa wàhálà. Ká ní fáàfù ti ṣí tán pátápátá, kò lè ṣí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru ò sì tíì dé ibi tá a fẹ́. Kọ́ńtíróòlù ò mọ̀ pé fáàfù ti ṣí tán. Ó ń ka àṣìṣe náà jọ, ó ń sọ pé ṣí i sí i, ṣí i sí i, kò sí ohun tó ń yí padà, àmọ́ àkójọ yẹn ń ga nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí ooru wá dé ibi tó yẹ, kọ́ńtíróòlù ò lè dẹwọ́, gbogbo ohun tó ti kó jọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú dà nù, ooru á sì ti kọjá àlà jìnnà kó tó padà. Windup là ń pè é. Ojútùú ẹ̀ ò le: tí fáàfù bá ti ṣí tán, dẹ́kun kíkà.

Nígbà tí mo di máníjà, ohun tí mo bá lórí tábìlì nìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ṣí tán. Wọ́n ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, òkè sì ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, torí pé ojú ìwé wọn ń sọ pé a ṣì jìnnà síbi tá à ń lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi kún un ò yí nǹkan kan padà, ó kàn ń kóra jọ ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti èèyàn, ìbínú ló ń dà. Lẹ́yìn tá a dé ibi tá à ń lọ yẹn pàápàá, tí iṣẹ́ ti fúyẹ́, ìgbà yẹn làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fiṣẹ́ sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu sì ń ya àwọn ọ̀gá lókè pé kí ló dé, ṣebí ìyà ti tán? Mo ya àwòrán PID fún ọ̀gá mi lójú pátákó. Ó wò ó, ó ní ó dáa gan-an, ó wá ní kí n kọ ọ́ ní dókùmẹ́ǹtì. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, èmi fúnra mi, tí mo bá ti rí i pé fáàfù ti ṣí tán, mi ò kì í kà á sí wọn lọ́rùn mọ́, màá lọ sókè lọ sọ pé èyí tó kù yìí, ká fà á kúrò nínú ìwé pátápátá. Wọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n gbà á díẹ̀díẹ̀.

Ìtàn startup tèmi, màá sáré gbà á kọjá, kì í ṣe pé ó ń dùn mí, ó kàn jọ ti gbogbo èèyàn ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó pọ̀ nígboro. Ẹ má gbàgbé pé lásìkò yẹn owó èlé ní Amẹ́ríkà ò jìnnà sí òdo, àwọn tó ní owó ńlá lọ́wọ́, owó ìfẹ̀yìntì àti irú wọn, kò sí ibi tí wọ́n lè kó o sí tó máa mú nǹkan wá, torí náà wọ́n ń kó o fáwọn tó ń dówó lé startup. Ní March 2022, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó èlé sókè, nígbà tó fi máa di July 2023 ó ti lé ní ìdá 5. Ẹni tó lè gba ìdá 5 lọ́wọ́ ìjọba láìṣe wàhálà, kí ló fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ èmi àti ọ̀rẹ́ mi? Ìpè tí wọ́n máa ń gbé lójú ẹsẹ̀, wọn ò gbé e mọ́. Ní March 10, 2023, ìjọba ti ilẹ̀kùn Silicon Valley Bank, báńkì tí ọ̀pọ̀ startup ń lò, ìdí kan náà ni: wọ́n ti fi owó àwọn èèyàn ra ìwé ìyáwó ìjọba tí owó ẹ̀ máa pẹ́ kó tó padà, nígbà tí èlé kéré, iye tí ìwé yẹn ń tà lọ́jà wá já wálẹ̀ bí èlé ṣe ń gòkè, àwọn tó kówó síbẹ̀ wá sáré lọ kó o lẹ́ẹ̀kan náà. Tiwa ò sí níbẹ̀, àmọ́ ìbẹ̀rù yẹn kárí. A san gbogbo ẹni tá a jẹ lówó, a bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wáṣẹ́, a ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ epo làráyé ń báni lá, wọn kì í báni lá ti ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń fi "àwọn ọmọ mi nìyẹn" kọ ọ́ sórí LinkedIn nígbà tá a gbowó, gbogbo wọn dákẹ́ wẹ́lo.

Àwọn kan wá ń sọ ìtàn Slack fún mi láti fi tù mí nínú. Ẹ mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń ṣe géèmù kan tó ń jẹ́ Glitch, géèmù ò lọ, wọ́n tì í pa ní òpin ọdún 2012, wọ́n wá mú ohun tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n tà á fún aráyé, ó di Slack, Salesforce gbà láti rà á ní 27.7 bílíọ̀nù dọ́là ní December 2020. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń fò níbẹ̀ ni pé kí Glitch tó di Slack, wọ́n kọ́kọ́ dá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ dúró, àti pé owó ṣì kù lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi lè yà síbòmíì. Èèyàn tí ò lówó lọ́wọ́ ò lè yà síbì kankan, ibi tó wà ló máa kú sí. Àwọn tí wọ́n dá dúró yẹn náà, wọ́n níbi tí wọ́n lọ, àwọn náà ti ní ìdáhùn íńtáfíù oníṣẹ́jú méjì tiwọn. Ìtàn tiwọn ló máa ń wù mí kí n gbọ́.

Mo padà sídìí kóòdù. Àwọn kan ní ṣé mo já wálẹ̀ ni, torí pé mo ti ṣe máníjà, mo ti ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí ló wá dé tí ẹlòmíì ń yẹ kóòdù mi wò, tó ń kọ ọ́ sí i pé "ẹ tún ìlà yìí ṣe"? Ó dùn mọ́ mi nínú jàre. Sọ́fítíwíà tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú lífíìtì ni mò ń bá wọn kọ báyìí, mo mọ ohun tó fà á tí iṣẹ́ kan fi wà, mo sì mọ ẹni tó máa lò ó, ó sì ti pẹ́ tí ọkàn mi balẹ̀ báyìí lọ́jọ́ Ajé. Bóyá ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á tún dí ọ̀nà yìí náà, n ò mọ̀.

Àbúrò kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa, ó já fáfá, startup kan ní kó wá. Ó gbé lẹ́tà wọn wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n lọ?" Mo ní èyí kì í ṣe ohun tí mo lè dáhùn, àmọ́ jẹ́ ká jọ kà á. Nọ́ńbà ṣíà ńlá kan ló wà níbẹ̀, kò sí iye gbogbo ṣíà ilé iṣẹ́, nọ́ńbà yẹn ò wá túmọ̀ sí nǹkan kan. A kọ ímeèlì sí wọn, a béèrè mẹ́ta: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni, èló làwọn tó fowó sílẹ̀ máa kọ́kọ́ gbà tí wọ́n bá ta ilé iṣẹ́, àti pé tó bá kúrò, ọjọ́ mélòó ló ní láti fi ra àwọn option ẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún un láti ra ṣíà, torí 90 ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fúnni, ẹni tí ò bá rówó rà á láàárín ìyẹn, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n dáhùn ìkíní lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ìkẹta jẹ́ ọdún márùn-ún, ìyẹn dáa, mo sọ fún un pé ó dáa. Ìkejì, wọ́n ní àwọn máa "padà bá a sọ ọ́," wọn ò sì tíì padà. Ó ti gba iṣẹ́ náà ṣá, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ wu òun, oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa gbé pager ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń peni tí nǹkan bá bà jẹ́, títí wọ́n á fi rí ẹlòmíì.